Gbẹ́rẹ́ Tó Mọ́ Tónítóní

Ọ̀sán Sátidé ni, ọyẹ́ ń fẹ́, Tiwalọlá sì ń wẹ ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ilé tó háyà ní Ọ̀wọ̀. Ó ti fi ọṣẹ pa Dùnsìn lórí, ó ń fi ìka fọ irun rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ìka náà kan nǹkan kan ní ìpàkọ́ ọmọ, níbi tí irun ti bo ara. Ó bomi sí i. Ó rọra tẹ orí ọmọ náà síwájú, ó ya irun sọ́tọ̀, ó wò ó. 

Gbẹ́rẹ́ ni. Wọ́n tò sí ìlà, wọ́n wẹ́, wọ́n dúdú, wọ́n sì ti ń jinná. Kì í ṣe òun ló sín wọn.

Ìyá tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ì bá figbe ta kí gbogbo àdúgbò pé jọ. Tiwalọlá ò lè figbe ta. Gbẹ́rẹ́ tirẹ̀ náà wà lára ọmọ yìí, ní bàdí, níbi tí pátá máa ń bò, ó sì ti tó ọjọ́ mélòó kan tó ti ń wẹ ọmọ fúnra rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí i.

Ó tún wo ìpàkọ́ náà. Ibẹ̀ kò wú, kò ṣọyún, ojú abẹ kò wọ́. Ẹni tó ṣe é ti fi sípíríìtì nu ara ọmọ kó tó fi abẹ kàn án, abẹ tuntun ló sì lò. Ẹnì kan ṣoṣo ni Tiwalọlá mọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ báyìí nídìí abẹ. Gbọ́lá ni, ọkọ rẹ̀, tí wọ́n jọ wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kan náà.

"Máàmi, ọṣẹ ń ta mí lójú," Dùnsìn ní.

Ó yára da omi sí ọmọ lójú. 

*

Ìwé ni àwọn méjèèjì wá kà o. Ọdún kejì ni ìfẹ́ kó sí wọn lórí, oyún sì dé kí ẹnikẹ́ni tó rò ó. Ilé ẹ̀kọ́ náà kò fẹ́ gbọ́ oyún létí rárá, wọ́n fẹ́ lé àwọn méjèèjì. Sístà Zipporah, olùkọ́ àgbà tó ń kọ́ wọn ní ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́, ló lọ kúnlẹ̀ níwájú àwọn aláṣẹ. Ó ní ọmọ dáadáa ni wọ́n, pé òun dúró fún wọn. Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn òbí yára ṣe ìdána, wọ́n ní ti ṣọ́ọ̀ṣì á di ìgbà tí àwọn ọmọ bá parí ìwé.

Ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ jòjòló pẹ̀lú ìdánwò lọ́rùn á mọ ohun tójú wọn rí. Nígbà tí Tiwalọlá bá ń lọ sí wọ́ọ̀dù, Gbọ́lá ló ń gbé ọmọ pọ̀n, tó ń ro ògì, tó ń fọ aṣọ ìtọ̀. Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, Tiwalọlá bọ́ sí kíláàsì tó kàn, wọ́n ní kí Gbọ́lá tún tirẹ̀ kà. Ká ní Tiwalọlá mọ bó ṣe ń tu èèyàn nínú ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tó máa dúró ti ọmọ, Tiwalọlá là á mọ́lẹ̀ lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pé, "Jọ̀ọ́, èmi ò lè torí olódo fi ìwé mi sílẹ̀." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Gbọ́lá dìde, ó jáde. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kò sì pẹ́ tí ìwé ìkọ̀sílẹ̀ fi ti kóòtù ìbílẹ̀ dé. Ó ní òun ò fẹ́ obìnrin náà mọ́, kí wọ́n gba Dùnsìn fún òun, kí ìyá òun ní Ìjàgbà máa tọ́ ọ.

Tiwalọlá ka ìwé náà lákàtúnkà. Ọkọ lè lọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé Dùnsìn lọ sí Ìjàgbà, kí ó máa pe ẹlòmíì ní màmá, ìyẹn ò ṣeé gbọ́.

Ààrẹ kóòtù náà sì ní àṣà kan tí gbogbo ìlú mọ̀. Àgbà obìnrin ni. Bí tọkọtaya bá ń fa ọmọ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, kì í fetí sí àròyé wọn púpọ̀. Á ní kí wọ́n gbé ọmọ sílẹ̀ láàárín kóòtù, kí òun wo ẹni tó máa sá tọ̀. Ibi tí ọmọ bá lọ, ibẹ̀ náà ni ìdájọ́ máa ń lọ. Ohun tó gbé Tiwalọlá dé Isuada nìyẹn.

*

Ìyá Ọmọ́yẹlé ń dáko ẹ̀gẹ́ ní Isuada, ó sì ń ṣe nǹkan mìíràn tí wọn kì í sọ sókè. Ìrọ̀lẹ́ ni Tiwalọlá débẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó fi ìborùn bo orí dé ojú bí ẹni tí eyín ń dùn.

"Ghá jókòó," obìnrin náà ní. Kò bi í léèrè ohun tó wá ṣe. "Ulé ta ni ọmọ ọ̀hún ń gbé?"

"Ilé mi ni, mà."

"O sì fẹ́ kó kẹ̀yìn sí bàbá rẹ̀."

Tiwalọlá wolẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọ̀rọ̀ ọmọ ló gbé òun wá. Àwọn adìyẹ tó ń jẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ti dákẹ́, kò sì mọ ìgbà tí wọ́n dákẹ́.

Ìyá Ọmọ́yẹlé wọ inú ilé lọ, ó pẹ́ níbẹ̀, ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìgbà tó jáde, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà. Ó na ẹ̀tù dúdú tí wọ́n fi ewé gbígbẹ dì sí Tiwalọlá.

"Sín in, kí o fi díẹ̀ ra á. Díẹ̀ ni mo wí. Ṣùgbọ́n wo ara ọmọ dáadáa ná. Bí ọwọ́ ẹlòmíì bá ti kàn án, má fi tèmi sí i. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Ó gbọ́ lóòótọ́, ó sì wo ara ọmọ lóòótọ́. Àyà ọmọ, ikùn, ẹ̀yìn, apá, gbogbo rẹ̀ ló wò, kò rí nǹkan kan. Abẹ́ irun nìkan ni kò wò. Ká ní ẹni tí kò kàwé ló sín gbẹ́rẹ́ ti ìpàkọ́ ni, ibẹ̀ ì bá ti wú, ọmọ ì bá máa họ ọ́, ojú ì bá ti tètè rí i. Ìmọ́tótó tí Sístà Zipporah fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ wọn ló bo iṣẹ́ ibi náà mọ́lẹ̀.

Tiwalọlá náà ò kẹ̀rẹ̀. Bí Dùnsìn ti sùn lọ́sàn-án, ó fi sípíríìtì nu bàdí rẹ̀, ó já abẹ tuntun láti inú bébà rẹ̀. Ó wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ gbọ́ o, ó wọ ìbọ̀wọ́ láti fi oògùn dúdú ra ọmọ rẹ̀ lára. Ọmọ náà kàn mí kanlẹ̀, kò tilẹ̀ jí. Lọ́jọ́ kejì, ó dúró níwájú àwọn aboyún ní ilé ìwòsàn nínú yúnífọ́ọ̀mù funfun, ó ń sọ fún wọn pé, "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe sín gbẹ́rẹ́ fún ọmọ yín." Sístà Zipporah jókòó lẹ́yìn, ó ń mi orí pé iṣẹ́ ń lọ. Ara Tiwalọlá gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀ náà délẹ̀.

*

Nígbà tó wá rí gbẹ́rẹ́ ti ìpàkọ́ yìí, Isuada ló tún gbà lọ. Ìyá Ọmọ́yẹlé gbọ́ ọ délẹ̀, ó sì sún àga rẹ̀ sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Tèmi ní kó kẹ̀yìn sí bàbá. Tiwọn ní kó kẹ̀yìn sí ìyá. Níbo lo fẹ́ kí ọmọ kọjú sí?"

"Ẹ bá mi wá èyí tó le ju tiwọn lọ, mà."

"Bí n bá fi òmíì lé e, á gbàgbé ẹ̀yin méjèèjì. Ọ̀nà kan ló kù. Ìwọ àti ọkọ rẹ ni kí ẹ jọ bomi wẹ̀ ẹ́, kí oníkálukú fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe, lójú ẹni tí ojú rẹ̀ ń tì yín jù láyé. Kì í ṣe nínú yàrá o. Kì í sì ṣe ẹnu ẹnì kan."

Tiwalọlá mọ ẹni náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ojú Sístà Zipporah ló kọ́kọ́ rí. Ó rí i lórí ìkúnlẹ̀ níwájú àwọn aláṣẹ. Ó dìde, ó dúpẹ́, ó sì ti pinnu kó tó gun ọ̀kadà pé òun ò ní lè ṣe é.

Lọ́sẹ̀ náà, Gbọ́lá tún wá wo ọmọ bí kóòtù ṣe pàṣẹ. Ó mú aṣọ tuntun wá, ó ní ìyá òun ló rán an láti Ìjàgbà. Aṣọ náà dára, ó ní òdòdó lára. Bó ti lọ tán ni Tiwalọlá fi ọwọ́ tẹ ìṣẹ́tí rẹ̀ yípo. Nǹkan kan le níbẹ̀. Ó tú òwú rẹ̀ pẹ̀lú abẹ. Òwú dúdú tí wọ́n ta ní kókó ló jáde, pẹ̀lú irun orí tó mọ̀. Irun tirẹ̀ ni, èyí tó máa ń gbọ̀n kúrò nínú kóòmù.

Ìbínú mú ojú rẹ̀ fọ́. Ó sọ ọ́ síná, ó ta pàrà nínú iná, èéfín rẹ̀ kò lọ sókè, ó ń rá lọ sílẹ̀ gba abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Dùnsìn. Ẹ̀tù ti Isuada ṣẹ́kù díẹ̀ nínú ewé. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un. Ó mọ ìkìlọ̀ náà lórí. Ó tún sín ọmọ náà, ó fi gbogbo ẹ̀tù tó ṣẹ́kù ra á, ó ń sọ lábẹ́ eyín pé, "Wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ mi." Lọ́tẹ̀ yìí Dùnsìn la ojú. Ó wo ìyá rẹ̀ títí tó fi ṣe tán, kò sunkún.

*

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti yí padà nínú ilé.

Bí Tiwalọlá bá gbé oúnjẹ fún Dùnsìn, kì í jẹ ẹ́. Bó bá gbé e sílẹ̀ tó jáde, á jẹ ẹ́ tán. Bó bá pè é, ọmọ náà á wo ẹ̀yìn rẹ̀, bí ẹni pé ẹlòmíì ló dúró níbẹ̀ tó ń pe òun, á sì rẹ́rìn-ín sí ibi tí ó ń wò. Ó ti dẹ́kun ọ̀rọ̀ "Máàmi". Lọ́jọ́ kan, nígbà tí ìyá rẹ̀ ń gbálẹ̀, ó jókòó sórí ẹní, ó ń ṣeré, ó sì na ọwọ́ sókè kí wọ́n gbé òun. Tiwalọlá fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó sáré wá. Kì í ṣe òun ni ọmọ náà na ọwọ́ sí. Ògiri ló kọjú sí. Ó na ọwọ́ náà títí, lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó ṣe bí ọmọ tí wọ́n ti gbé tí wọ́n sì ti gbé sílẹ̀.

Tiwalọlá wọn ara gbígbóná ọmọ náà, kò gbóná. Ó tan iná sí i lójú bí wọ́n ṣe kọ́ wọn, ẹyinjú rẹ̀ dáhùn. Kò sí ohun tí ìwé rẹ̀ lè sọ fún un. Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún, ojú ara rẹ̀ sì ń tì í pé ẹkún ni òun lè ṣe.

Ó dúró de Gbọ́lá ní ọ̀ọ̀dẹ̀ wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Gbọ́lá ti rù, ojú rẹ̀ pọ́n. Àwọn méjèèjì wọ yúnífọ́ọ̀mù, wọ́n dúró gbọnrangandan, ẹni tó ń kọjá á rò pé iṣẹ́ ni wọ́n ń fà lé ara wọn lọ́wọ́.

"Kí ni mo rí ní ìpàkọ́ ọmọ?" Tiwalọlá ní.

"Kí lèmi náà rí ní bàdí rẹ̀?"

Tiwalọlá súnmọ́ ọn.

"Ọmọ yìí ò mọ̀ mí mọ́, Gbọ́lá."

"Èmi náà ló ń kí bí àlejò," ó ní.  "Mo ti sá padà sí Ìjàgbà. Wọ́n ní àyàfi kí àwa méjèèjì…"

"Kí a jọ wẹ̀ ẹ́. Kí a jẹ́wọ́. Wọ́n sọ fún èmi náà."

"Lójú ta ni?"

Ẹni náà gan-an ló yọ ní ìsàlẹ̀ ọ̀ọ̀dẹ̀, tó ń bọ̀ pẹ̀lú fìlà funfun rẹ̀ lórí. Bó bá jẹ́ pé wọ́n máa sọ ọ́, àsìkò rẹ̀ nìyẹn. Tiwalọlá la ẹnu. Gbọ́lá wò ó. Sístà Zipporah dé ọ̀dọ̀ wọn, ó dúró, inú rẹ̀ dùn pé òun rí wọn pọ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ ti ń parí ìjà? Kí lẹ fẹ́ sọ fún mi?"

"Kò sí, mà," ni àwọn méjèèjì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó lọ. Wọn ò lè wo ojú ara wọn mọ́. Gbọ́lá gba apá ọ̀tún, Tiwalọlá gba apá òsì.

*

Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, kóòtù kún. Sístà Zipporah wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú, ó ní òun wá jẹ́rìí sí ìwà rere àwọn méjèèjì. Ààrẹ kóòtù gbọ́ àròyé díẹ̀, ó ti awò ojú rẹ̀ sókè.

"Ó tó. Ẹ gbé ọmọ náà sílẹ̀."

Tiwalọlá sọ Dùnsìn kalẹ̀ láàárín kóòtù. Gbọ́lá dúró lódì kejì. 

Dùnsìn rìn lọ bá Gbọ́lá.  Ọmọ náà dúró níwájú bàbá rẹ̀, ó fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Ó dìde, ó gbọn eékún rẹ̀, ó rìn wá bá Tiwalọlá. Ó tún kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ààrẹ pàápàá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀kọ́ ilé rèé o! Bí ẹ tilẹ̀ ń jà, ẹ kọ́ ọmọ yìí dáadáa." Sístà Zipporah ń mi orí, inú rẹ̀ ń dùn. Nínú gbogbo kóòtù náà, ènìyàn méjì péré ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ dáadáa," Ààrẹ ní, "lọ bá màmá rẹ."

Dùnsìn wo àwọn bẹ́ǹṣì láti òpin kan dé èkejì. Kò kánjú. Ojú rẹ̀ kọjá lára Tiwalọlá bó ti kọjá lára àwọn ìyókù.

"Wọn ò sí níbí, mà."

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Àwọn náà ò sí níbí."

Ẹ̀rín gé. Ààrẹ bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. "Kí lẹ fi ọmọ yìí ṣe?"

Tiwalọlá wo Sístà Zipporah. Ìwé tó kù fún un láti parí kò tó nǹkan mọ́. Bó bá sọ̀rọ̀, ó ti tán nìyẹn, orúkọ obìnrin tó kúnlẹ̀ fún un á sì bàjẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ojú tì í débi pé ó ń wá ibi tó máa wọ̀ nínú ilẹ̀ kóòtù náà. Síbẹ̀ ó kúnlẹ̀.

"Èmi ni mo sín in," ó ní. "Mo gba oògùn ní Isuada kí ó lè kẹ̀yìn sí bàbá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sín in. Mo fi sípíríìtì nu ara rẹ̀, mà, bí ẹ ṣe kọ́ wa."

Sístà Zipporah fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Tiwalọlá tọrọ omi, ẹnì kan na omi inú ọ̀rá sí i. Ó fi eyín ya á, ó yí sí ọkọ rẹ̀. "Gbọ́lá, jọ̀ọ́, máa bọ̀. Ẹnu kan ò tó. O mọ̀ pé ẹnu kan ò tó."

Gbọ́lá yí sí wọn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ó wo Sístà Zipporah, ó wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wá wòran, àwọn tó rẹ́rìn-ín ìjọ́sí.  Ó fa ẹsẹ̀ náà padà sẹ́yìn.

"Èmi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, mà," ó ní, ó sì tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀.

Tiwalọlá dá nìkan wẹ ọmọ náà. Ó da omi sí i ní ìpàkọ́, ó da á sí i ní bàdí, ó ń sọ ohun tó ṣe lásọtúnsọ, omijé ń ṣàn wọ ẹnu rẹ̀. Dùnsìn dúró jẹ́ẹ́, bí ọmọ ti ń dúró fún nọ́ọ̀sì tí kò mọ̀ rí. Nígbà tí omi tán, ó fi ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ nu ojú obìnrin tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ má sunkún mọ́, mà," ó ní. "Màmá yín á tó dé."